Fóònù Tuntun àti Ètò Ìṣiṣẹ́ Àfidípò: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Máa Bára Mu Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Ohunkóhun

Ẹni tó bá fẹ́ yọ Android tí ilé iṣẹ́ gbé sórí fóònù rẹ̀ kúrò, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ètò wo ló dára jù: ṣé GrapheneOS ni, àbí LineageOS, àbí Ubuntu Touch, àbí postmarketOS? Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Fóònù la máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí fóònù ló ń pinnu ètò tó lè gbà. Fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun gan-an ló máa ń fìyà jẹ àwọn tó ń ṣe ètò wọ̀nyí jù lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì lè fúnra yín yẹ fóònù kan wò délé-dóko kí ẹ tó pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó ń dá wọn dúró

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ rà láàárọ̀ lè gba Linux, ètò ìṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan, kí ilẹ̀ tó ṣú, torí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ máa ń ka ohun tó wà nínú ara rẹ̀ fún ètò ìṣiṣẹ́. Fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní láti jókòó kọ fáìlì tí wọ́n ń pè ní device tree, kó sọ fún kernel, ìyẹn ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ tó ń darí àwọn ohun èlò inú fóònù, pé ibi báyìí ni skírìnì wà, ibi báyìí ni iná rẹ̀ ti ń wá, iye iná báyìí ni kó gbà, chip báyìí ló ń bójú tó bátìrì. Tí wọ́n bá ṣi nọ́ńbà kan kọ níbẹ̀, skírìnì lè dúdú, tàbí kí fóònù má tan rárá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ní fáìlì yìí lọ́wọ́. Àdéhùn GPL tí wọ́n fi ń pín kernel Linux, tó wà lábẹ́ Android náà, sọ pé kí wọ́n gbé kóòdù rẹ̀ síta, ọ̀pọ̀ sì ń gbé e síta lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń pẹ́, àwọn mìíràn sì máa ń dì í pọ̀ sójú kan láìsí ìtàn bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Ẹni tó gba irú kóòdù bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ìlà tí wọ́n fi tún àṣìṣe ṣe, kò sì ní mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Kámẹ́rà, modem (tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀), ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sójú skírìnì, ẹ̀rọ tó ń mọ ìtẹ̀ka, gbogbo wọn ló ń lo fáìlì tí ẹnikẹ́ni níta kò rí kóòdù rẹ̀. Blob ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè é. Ẹ̀yà Android kan pàtó àti kernel kan pàtó ni wọ́n ṣe blob fún. Tí Android bá gòkè tí blob kò gòkè, ẹni tó ń tọ́jú fóònù náà ní láti wá ọgbọ́n tí tuntun àti àtijọ́ á fi gbọ́ra wọn yé. Nígbà tí LineageOS 19 jáde lórí Android 12, ọ̀pọ̀ fóònù tí kò ní àléébù kankan ló já bọ́ nínú ìwé wọn. Google ti yọ iptables, irinṣẹ́ tó ń ṣàkóso ìsopọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì, kúrò nínú Android, ó fi ọ̀nà tuntun tó ń jẹ́ eBPF rọ́pò rẹ̀, àwọn kernel tó ti pẹ́, bíi 3.18 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀, kò sì ní ohun tí eBPF náà nílò.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i ní ọdún 2025. Ní oṣù March, Google kéde pé inú ilé nìkan ni àwọn á ti máa ṣe iṣẹ́ Android títí tí ẹ̀yà tuntun á fi jáde. Nígbà tí Android 16 wá jáde ní oṣù June, àwọn fáìlì tí wọ́n fi ń ṣètò Android fún àwọn fóònù Pixel (device tree ni wọ́n ń pe ìyẹn náà, àmọ́ kì í ṣe ti kernel tí mo sọ lókè) àti driver wọn, ìyẹn kóòdù tó ń mú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́, tí wọ́n máa ń gbé síta pẹ̀lú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti dì ìtàn kernel Pixel pọ̀ di ẹyọ kan. Pixel ṣì ṣeé lò, GrapheneOS sì ṣì wà lórí rẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń wá fúnra wọn, ìyẹn sì ń gba àkókò àwọn èèyàn tí kò pọ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pinnu ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà nínú mẹ́ta

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti àwọn ètò tó ṣì jẹ́ Android: LineageOS, GrapheneOS, /e/OS. Wọ́n ń lo blob ilé iṣẹ́ bó ṣe wà, ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà àti ìpè fi sábà máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá nílò fóònù tó ṣeé gbára lé lójoojúmọ́, mi ò ní tọ́ka ọ̀nà mìíràn sí i.

Ọ̀nà kejì ni ti Ubuntu Touch àti Sailfish OS. Linux ni wọ́n lókè, ṣùgbọ́n kernel Android àti blob Android ló wà nísàlẹ̀, libhybris ló sì ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn. Ní ti Ubuntu Touch, iṣẹ́ àpapọ̀ tó ń jẹ́ Halium ló ń pèsè ìpìlẹ̀ yẹn. Canonical, ilé iṣẹ́ tó ni Ubuntu, ló bẹ̀rẹ̀ Ubuntu Touch, ó pa á tì ní 2017, ẹgbẹ́ UBports sì gbà á tọ́jú láti ìgbà náà. Project Treble, tí Google mú wá pẹ̀lú Android 8 ní 2017 kan náà, ran ọ̀nà yìí lọ́wọ́ gan-an, torí ó ya apá tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára Android fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti postmarketOS àti Mobian, tí wọ́n fẹ́ lo kernel Linux gan-an tí gbogbo ayé ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Tó bá ṣeé ṣe, fóònù náà lè máa gba kernel tuntun fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ti gbàgbé rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì lọ́ra jù, torí gbogbo driver ni a ní láti kọ síta gbangba. Ẹ wo PinePhone: Allwinner A64 ni chip rẹ̀, chip tó ti wà láti nǹkan bí 2015, ọdún 2020 sì ni fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú chip tó ti dàgbà ni, torí Linux ti mọ̀ ọ́n. OnePlus 6, tó jáde ní 2018 pẹ̀lú Snapdragon 845, wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù lórí postmarketOS lónìí, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló sì gbé e débẹ̀. Ẹni tó bá ra fóònù ọdún yìí tó sì ń retí irú èyí lóṣù tó ń bọ̀, ohun tí kò lè tètè dé ló ń retí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ orúkọ ilé fóònù yín

Orúkọ tó wà lára páálí kọ́ ni orúkọ tí àwọn tó ń ṣe ètò mọ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ ilé tirẹ̀: OnePlus 6 ń jẹ́ enchilada, 6T ń jẹ́ fajita, Pixel 8 ń jẹ́ shiba. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Build number sí nínú ètò fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà méje, ẹ tan USB debugging, ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá fi adb, irinṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá fóònù Android sọ̀rọ̀, tẹ àwọn àṣẹ yìí ní terminal kọ̀ǹpútà (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ):

adb shell getprop ro.product.device
adb shell getprop ro.board.platform
adb shell uname -r
adb shell getprop ro.treble.enabled
adb shell getprop ro.build.version.security_patch

Èkíní ń sọ orúkọ ilé, èkejì ń sọ chip, ẹ̀kẹta ń sọ kernel, ẹ̀kẹrin ń sọ bóyá Treble wà, èyí tó kẹ́yìn sì ń sọ ọjọ́ tí ìmúdójúìwọ̀n ààbò tó wà lórí rẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a máa lò ó.

Ẹ má fojú kéré ìgbésẹ̀ yìí. Samsung ta Galaxy S9 kan lórí chip Exynos, ó ta òmíràn lórí Snapdragon, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú. Ti Exynos, tó ń jẹ́ starlte, gba LineageOS. Ti Snapdragon tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, bootloader rẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tí fóònù bá ń tan, wà ní títì pa. Tí ẹ bá fẹ́ ra fóònù tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ka nọ́ńbà model tó wà nínú fóònù náà fún yín, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka ìwé fóònù náà, kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀

Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tó to àwọn fóònù rẹ̀ sí. Pé orúkọ fóònù yín wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, pàápàá ní ọ̀nà kejì àti ìkẹta. postmarketOS pín àwọn fóònù sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́: main, community, testing, àtàwọn tó kù. Testing lè jẹ́ pé fóònù náà kàn tan ni, tí àwòrán hàn lójú rẹ̀, kí ohùn má jáde. Ní ti Ubuntu Touch, ẹ má wo iye ìdá ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ sókè. Fóònù kan lè ní ìdá tó ga, kó sì jẹ́ pé ìpè gan-an ló wà lára ohun tí kò tíì ṣiṣẹ́.

Bí mo ṣe máa ń kà á nìyí. Mo máa kọ́kọ́ wo ìpè, ohùn nígbà ìpè, àti ìkésíni pàjáwìrì. Lẹ́yìn náà, mo máa wo bóyá bátìrì ń gba iná bó ṣe yẹ àti bóyá fóònù lè sùn nígbà tí skírìnì bá kú, torí fóònù tí kì í sùn á jẹ bátìrì rẹ̀ tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Kámẹ́rà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ GPS, Bluetooth àti ìtẹ̀ka. Nínú fóònù tuntun, ìtẹ̀ka abẹ́ skírìnì, skírìnì tó ń ká, àti kámẹ́rà tó ní lẹ́ǹsì mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń gbẹ̀yìn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ti kámẹ́rà le jù: rírí àwòrán láti ara lẹ́ǹsì jẹ́ iṣẹ́ kan, títún àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, ìkejì yìí ni ilé iṣẹ́ kì í fi han ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wo ẹni tó ń tọ́jú fóònù náà. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn lórí rẹ̀ sì ti pẹ́, ẹ kà á sí pé fóònù náà ti fẹ́ di aláìníbaba.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bèèrè nípa VoLTE

VoLTE ni ìpè tó ń gba orí 4G kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í bèèrè nípa rẹ̀, òun ló sì ń bí wọn nínú jù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́. Láyé ìṣáájú, tí fóònù kò bá lè pe èèyàn lórí 4G, á sọ̀ kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti ń pa 3G: AT&T pa tiwọn ní oṣù February 2022, Verizon parí tiwọn ní ìparí ọdún yẹn, ilẹ̀ Australia sì parí tiwọn ní 2024. Níbi tí kò bá ti sí 3G tàbí 2G mọ́, VoLTE nìkan ni ìpè ń gbà kọjá, apá tó sì ń bójú tó VoLTE nínú fóònù, tí wọ́n ń pè ní IMS, wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ ń tì pa jù. Ó tún ní àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tí kì í gba ìpè lọ́wọ́ fóònù tí kò bá sí nínú ìwé tiwọn, bó ti wù kí fóònù náà lágbára tó.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ wá ìdáhùn sí kí ẹ tó lọ síwájú: Ǹjẹ́ 3G tàbí 2G ṣì wà lórí síìmù yín? Ǹjẹ́ VoLTE ń ṣiṣẹ́ lórí ètò tí ẹ fẹ́, lórí fóònù yẹn gan-an? Ǹjẹ́ ẹnì kan ti dán an wò lórí síìmù irú tiyín? Tí ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá fóònù mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yẹ bootloader wò

Bootloader ni ẹnu ọ̀nà. Tí kò bá ṣeé ṣí, gbogbo ohun tí mo ti sọ kò wúlò fún fóònù náà. Pixel àti Fairphone ṣeé ṣí láìsí wàhálà, àyàfi Pixel tí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan tà tí wọ́n sì ti tì í. Sony máa ń fúnni ní kóòdù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó nínú fóònù bóyá wọ́n kọ ọ́ pé Bootloader unlock allowed: Yes. Xiaomi máa ń ní kí èèyàn dúró fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti so àkáǹtì rẹ̀ mọ́ ọn. Huawei ti ṣíwọ́ fífúnni ní kóòdù láti 2018. Ti Samsung ní nǹkan kan tó yẹ kí ẹ mọ̀: tí ẹ bá fi ètò mìíràn sí i, àmì ààbò Knox inú rẹ̀ á yí padà, kò sì ní padà sípò láéláé, bí ẹ tiẹ̀ dá Android rẹ̀ padà.

Ṣíṣí bootloader máa ń pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù rẹ́. Àwọn áàpù kan, pàápàá ti báńkì, tún lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, torí wọ́n ń fi Play Integrity bi Google léèrè bóyá fóònù náà ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Ẹ wádìí áàpù tí ẹ ò lè ṣe láìní ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ tọ́jú ọ̀nà àbọ̀

Ẹ wa Android ilé iṣẹ́ fún fóònù yín gan-an sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó fọ́tò àti fáìlì yín kúrò. Ẹ kọ nọ́ńbà IMEI sílẹ̀. Tí recovery bíi TWRP, ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ láìsí pé Android tan, bá wà fún fóònù náà, ẹ fi ṣe ẹ̀dà EFS àti persist, àwọn apá kan nínú ibi ìpamọ́ fóònù, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn ohun tó jẹ́ ti fóònù yín nìkan wà. Tí èyí bá sọnù, a kò lè gba ti ẹlòmíràn dípò rẹ̀.

Ẹ wá padà sí ọjọ́ ìmúdójúìwọ̀n ààbò tí ẹ kọ sílẹ̀. Àwọn fóònù kan, Fairphone wà lára wọn, kì í gbà kí èèyàn gbé ètò tí ọjọ́ ìmúdójúìwọ̀n ààbò rẹ̀ ṣáájú èyí tó wà níbẹ̀ sórí wọn kó tún ti bootloader padà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù náà lè má tan mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ gbé e sórí fóònù

Ojú ewé fóònù yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, ìlà sí ìlà, kì í ṣe fídíò ẹni tó ń lo fóònù mìíràn. GrapheneOS ṣeé gbé sórí fóònù láti inú browser, Ubuntu Touch ní UBports Installer. Tí ètò náà bá ní kí ẹ ti bootloader padà, bí GrapheneOS ṣe máa ń sọ, ẹ gbé fóònù sí fastboot, ìyẹn ibi tó ti ń gba àṣẹ láti orí kọ̀ǹpútà kí Android tó tan, kí ẹ kọ́kọ́ tẹ fastboot flashing get_unlock_ability. Tó bá dáhùn 1, ẹ lè tì í. Tó bá dáhùn 0, ẹ má tì í, torí tí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ lè má rí i ṣí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Tí nǹkan kan kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wo ohun tí kernel ń sọ

Ká ní Wi-Fi kọ̀ lórí fóònù tó ń lo postmarketOS. Ẹ ṣí terminal, ẹ tẹ dmesg | grep -i firmware. Tí ẹ bá rí ìlà tó ní "Direct firmware load for", tí orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e, tó sì parí pẹ̀lú "failed with error -2", ó ti sọ ohun tó ń ṣe é fún yín. -2 túmọ̀ sí pé kò rí fáìlì náà. Driver wà, ó ti rí chip Wi-Fi, firmware, ìyẹn ètò kékeré tí chip náà fi ń ṣiṣẹ́, tó yẹ kó gbé sínú rẹ̀ ni kò sí níbi tó ń wá a sí. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọdún méjì. Fáìlì kan ló kù láti gbé sípò. Tí kernel kò bá tiẹ̀ dárúkọ Wi-Fi rárá, device tree ni kò tíì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì fi firmware fóònù mìíràn dí i. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Snapdragon, ilé iṣẹ́ ti fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fọwọ́ sí firmware modem àtàwọn mìíràn bẹ́ẹ̀, chip yóò sì kọ èyí tí kò bá ní ìfọwọ́sí náà, bí chip tó wà nínú fóònù méjèèjì bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Láti ara fóònù yín gan-an tàbí Android tirẹ̀ ló ti ní láti wá.

Lórí ètò tó jẹ́ Android, adb logcat ni ẹ máa lò, ẹ fi -b radio kún un tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpè. Nígbà tí ẹ bá ń fi ẹjọ́ sùn, ẹ kọ orúkọ ilé fóònù, ẹ̀yà ètò, ohun tí ẹ ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì so àkọsílẹ̀ yẹn mọ́ ọn lódindi. Ẹ yọ nọ́ńbà fóònù àti IMEI kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. "Kò ṣiṣẹ́" nìkan kò lè ran ẹni tó ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́.

Tí fóònù yín kò bá sí nínú ìwé kankan

Ẹ wo chip rẹ̀. Tí fóònù mìíràn tó ń lo chip kan náà bá ti wà lórí ètò tí ẹ fẹ́, ìlàjì ọ̀nà ti là, torí ohun tí wọ́n kọ fún chip náà ṣeé lò fún tiyín. Ìdí nìyẹn tí Fairphone 5 fi wù mí: QCM6490 tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ chip tí Qualcomm ṣe fún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò pẹ́, Fairphone sì ṣèlérí ìmúdójúìwọ̀n títí di 2031, èyí tó fún àwọn tó ń kọ driver láyè. Ẹ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ ti gbé kóòdù kernel fóònù náà síta. Tí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí i kí ẹ bèèrè rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ GPL gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ra fóònù náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ní fóònù náà lọ́wọ́, ẹ sì ṣe tán láti dán nǹkan wò. Ẹ má rò pé ẹni tó mọ kóòdù kọ nìkan ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló dúró torí pé kò sẹ́ni tó ní fóònù náà nítòsí. Tó bá fi boot.img, fáìlì tó ní kernel tuntun nínú, ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi í bóyá fóònù yín gba fastboot boot. Tó bá gbà á, àṣẹ yẹn á gbé kernel tuntun sínú memory nìkan láìkọ ọ́ sórí fóònù. Ẹ wo bóyá ó tan, ẹ kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún un, ẹ pa fóònù kí ẹ tún un tàn, kernel ti tẹ́lẹ̀ ló máa gbé e dìde.